Kọngílá Ni Kó Ṣe É, Àmọ́ Kí Owó Wà Lọ́wọ́ Wa

 

Ọ̀rọ̀ ilé títúnṣe la fẹ́ bá ara wa sọ. Láti ọdún 2011 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí apá kan rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá yàrá kiri. Ní Ìdó, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ńlá náà ń wá. Ilé alámọ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ ti wá di ohun tó lè mówó wọlé, bí a bá tún ògiri rẹ̀ rẹ́, tí a sì pààrọ̀ páànù rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi ń pe kọngílá.

Àwọn kan ní ká má pè é. Wọ́n ní ṣebí àwọn ìyá wa ló ń pọn omi tí wọ́n fi ń po amọ̀, tí wọ́n ń fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá títí á fi dán, tí àwọn ọkùnrin sì ń fi ọ̀wẹ̀ mọ ilé. Òótọ́ ni. Àmọ́ ta ló kù nílé tí a fẹ́ bẹ̀ lọ́wẹ̀? Àwọn ọmọ tí ì bá gun òrùlé ti wà l'Ékòó. Bí a bá sì ní ká fúnra wa dúró ti bíríkìlà láti àárọ̀ dalẹ́, ta ni yóò bá wa tajà? Àwa fara mọ́ kọngílá.

Bí a ṣe ń sanwó ni a kò fara mọ́. Àwa tí a máa ń ná kóńgò ẹ̀wà kan títí ẹlẹ́wà á fi bínú, àwa náà la ń ka owó àjọ odindi ọdún sọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀! Ọ̀kan nínú wa ṣe bẹ́ẹ̀. Kọngílá ṣí òrùlé tán, ó ní òun ń lọ ra pákó. Òjò àkọ́rọ̀ bá ilé ní ìhòòhò, amọ̀ mu omi yó, ògiri ẹ̀yìn wó. Títí dòní, fóònù ọkùnrin náà kò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí ọjà. Owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó ẹrù lọ́tọ̀. Ẹrù, àwa la ó rà á. Ta ló mọ ọjà ná jù wá lọ? Ìdì páànù kan, 20 ni. Ẹ kà á kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Àpò sìmẹ́ńtì kan, kílò 50 ni. Ẹ máa ka àpò òfìfo nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì kó wọn pa mọ́. Ẹ pín owó iṣẹ́ sí mẹ́ta: ìdá kan kó tó bẹ̀rẹ̀, ìkejì bí páànù bá ti bo ilé, ìkẹta lẹ́yìn tí òjò bá ti rọ̀ lé e tí kò jò. Kọngílá tí èyí bá bí nínú, kó máa lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kódà kó jẹ́ ọmọ àbúrò yín. (Ọmọ ẹbí gan-an ló ṣòroó mú.)

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ páànù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ nípàdé tó ń bọ̀. Bí a bá ti tó márùn-ún, a ó jọ lọ rà á lójú kan, ká lè ná an wálẹ̀.