Fáànù kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù: ẹ yé ta àgọ́ ilẹ̀ òtútù fún ọmọ Cotonou

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a ò lè dákẹ́ sí mọ́.

Àwọn kan ń gbé àgọ́ dúdú kiri ìlú yìí, èyí tó ní síìpù, tí inú rẹ̀ ń dán bíi dígí, tí iná aláwọ̀ àlùkò wà lókè rẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ wa rà á, kí wọ́n fi gbin létúùsì àti tòmátì sínú yàrá, kí wọ́n sì di olówó. Bí ẹ bá béèrè pé ooru ńkọ́, wọ́n á ní fáànù wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn owó àgọ́, wọ́n tún ń gba owó "formation". A ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ọ̀rọ̀ fáànù yẹn, owó ọmọ tí kò ní ni irọ́ náà sì ń jẹ.

Fáànù kì í ṣe ẹ̀rọ amúlétutù. Kò ní òtútù kankan nínú àpò. Gbogbo ohun tó lè ṣe ni kó lé afẹ́fẹ́ gbígbóná jáde kí afẹ́fẹ́ yàrá lè wọlé dípò rẹ̀. Bí yàrá yín bá wà ní dígíríì 33, inú àpótí ò lè wá sí 32, bí ẹ tilẹ̀ to fáànù mẹ́wàá sára rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé ó lè wá síbẹ̀, ọjà ló fẹ́ tà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iná LED tó ń jẹ wáàtì 60, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo 60 yẹn ló ń di ooru sínú àpótí nígbẹ̀yìn. Fáànù kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 12, bó bá ń lé mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ 60 jáde ní wákàtí kan, inú àpótí á ṣì fi nǹkan bí dígíríì 3 gbóná ju yàrá lọ. Bí eruku tàbí nẹ́ẹ̀tì bá dín agbára fáànù kù sí ìdajì, ó di dígíríì 6. Yàrá tó wà ní 33 ní ọ̀sán oṣù kẹta, inú àpótí ti di 39 nìyẹn, a ò sì tíì sọ̀rọ̀ yàrá abẹ́ páànù. Irúgbìn létúùsì kì í fẹ́ hù bí ilẹ̀ bá ti ju nǹkan bí 30 lọ. Tòmátì ní tirẹ̀, bí òru bá gbóná jù, òdòdó rẹ̀ á kàn máa gbọn dànù ni. Ohun tí wọ́n ní kí ọmọ yín fi di olówó nìyẹn.

Kì í ṣe pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣe àgọ́ yẹn ya òmùgọ̀. Ibi tí yìnyín wà níta, tí oòrùn ń wọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nígbà òtútù, ó yẹ kéèyàn ra ìmọ́lẹ̀, ó sì yẹ kó ti ooru mọ́lé. Nílé tiwa ńkọ́? Oòrùn ń ràn fún nǹkan bíi wákàtí 12 lójoojúmọ́, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, lọ́fẹ̀ẹ́. Orí yanrìn lásán, lábẹ́ oòrùn, ni àwọn olọ́gbà Houéyiho ti gbin ẹ̀fọ́ tí ìlú yìí jẹ. Kí ni a wá ń ti ooru mọ́ ibì kan fún?

Àwọn kan á ní ká fi aṣọ tútù sí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, pé omi tó bá ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ á mú afẹ́fẹ́ tutù. Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe irọ́. Òun ni olùkọ́ kan, Mohammed Bah Abba, fi ṣe ìkòkò inú ìkòkò ní Jigawa lápá òkè Nàìjíríà, tí yanrìn tútù wà láàárín ìkòkò méjèèjì, tó sì gba ẹ̀bùn Rolex lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ Jigawa gbẹ. Cotonou wà láàárín òkun àti adágún Nokoué, afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti mu omi yó kó tó dé ojú fèrèsé yín. Àfi ìwọ̀nba ọjọ́ tí ọyẹ́ bá fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, aṣọ tútù yẹn kò ní ṣe ju kó mú kí ewé máa bu lọ.

Ṣé a wá ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbin nǹkan sílé ni? Rárá o. Ẹni tó ń gbé "entrée-coucher" ní Agla tàbí Vèdoko, tí kò ní àgbàlá, tí omi ń kún ojúlé rẹ̀ nígbà òjò, tí ewúrẹ́ àti adìẹ ará ilé kì í jẹ́ kí ohun kan hù, àpótí lè wúlò fún un gan-an. Àpótí tó yẹ ilẹ̀ wa la fẹ́ kó kàn, kó sì fi ṣe iṣẹ́ tí àpótí lè ṣe. Iṣẹ́ náà ni títọ́ irúgbìn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó tó gbé e jáde sínú àpò tàbí ike lójú oòrùn. Tẹ̀tẹ̀, gboma, ewédú, ata: àwọn wọ̀nyí mọ ooru wa, wọn ò bẹ̀rù rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì á dáàbò bo wọ́n lọ́wọ́ kòkòrò nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ẹ ò sì ní máa fọ́n oògùn sí wọn. Ta ni kò tíì gbọ́ nípa oògùn òwú tí wọ́n ń fọ́n sára ẹ̀fọ́ ọbẹ̀ níhìn-ín?

Ẹ wo bí a ṣe ń kàn án. Kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ tàbí pákó contreplaqué ti tó. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ yọ pákó ibẹ̀ yí po, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dí i. Ẹ kun inú rẹ̀ ní funfun. Ooru máa ń gòkè, nítorí náà òkè pátápátá ni fáànù ń gbé, kó sì kọjú síta kó máa fa ooru jáde. Ẹlòmíràn á gbé e sísàlẹ̀, á ní kó máa fẹ́ afẹ́fẹ́ wọlé, ooru á wá jókòó sókè bí àlejò tí wọn ò sin lọ. Ẹ lè fi fáànù kékeré kejì sínú kó máa mi ewé díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn ń mú kí igi irúgbìn le, kò sì ní jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ jẹrà lórí ilẹ̀ tútù. Bí iná bá lọ, àgọ́ síìpù á sé èémí mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí tó ní nẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ àti ihò lókè á ṣì máa mí.

Kò sí ìdí láti ra fáànù tuntun. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí a ń pè ní "France au revoir" níhìn-ín, tí ará Èkó ń pè ní tòkúnbọ̀, fáànù wà nínú rẹ̀, fólìtì 12 ló ń lò. Ṣájà módẹ́ẹ̀mù àtijọ́ tó bá jẹ́ fólìtì 12, tó ń gbé áńpíà 1, á gbé irú rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láìṣe wàhálà. Kí ṣájà náà wà níta àpótí, kó sì ga, torí omi àti iná fólìtì 220 kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ẹ̀yin ará Fidjrossè, atẹ́gùn òkun á jẹ fáànù yín kíákíá, ẹ tọ́jú méjì sílẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fi iná LED kún un nítorí pé yàrá ṣókùnkùn, ẹ tàn án ní alẹ́ títí di òwúrọ̀, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀. Kí ẹ sì mọ̀ pé iná yẹn ló ń jẹ owó: wáàtì 60 fún wákàtí 12 lóòjọ́ á jẹ nǹkan bí kWh 22 lóṣù. Fáànù wáàtì 3 tí ẹ ò pa tọ̀sán-tòru ò ju nǹkan bíi 2 lọ.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ pálapàla ni, pé ohun tí òyìnbó ò bá fi ọwọ́ sí, kò lè dára. Ẹ wo àwọn ọ̀dọ́ BloLab ní Cotonou níbí, tí wọ́n ń to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, tó sì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo Songhaï tí Fada Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1985: ohun tí ilẹ̀ wa ní ló fi bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń ti òkèèrè wá kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀.

Ti igbó náà ò gbọdọ̀ gbẹ́yìn. Bí onílé bá rí iná àlùkò lójú fèrèsé lóru, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé igbó lẹ ń gbìn. Òfin oògùn olóró ti ọdún 1997 wà ní orílẹ̀-èdè yìí, kì í sì í ṣe òfin ẹ̀rín. Iná funfun ni kí ẹ lò, ewé á gbà á. Kí ẹ pe onílé wá wo tẹ̀tẹ̀ yín kí aládùúgbò tó pe ọlọ́pàá. Àwọn tó ń ta àgọ́ kì í sọ èyí fún ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí wàhálà bá dé, wọn ò ní bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin oníṣòwò àgọ́, iṣẹ́ kékeré kan wà fún yín. Ẹ gbé tẹmómítà sínú àgọ́ yín ní yàrá abẹ́ páànù ní Cotonou, ní aago méjì ọ̀sán, nínú oṣù kẹta. Ẹ tan iná rẹ̀, ẹ tan fáànù rẹ̀, ẹ ti síìpù rẹ̀ pa, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ wá ka nọ́ńbà náà sókè níwájú àwọn tí ẹ fẹ́ tà á fún. Bó bá kéré sí ti yàrá, àwa fúnra wa á ra mẹ́wàá lọ́wọ́ yín.