Ta Ni Ń Bọ́ Olùkọ́ Jẹ́lé-ó-sinmi?

Ní Òkè-Ògùn, níbi tí èlùbọ́ tí wọ́n ń rò ní Ìbàdàn ti ń wá, kò yẹ kí a rí olùkọ́ tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n a ń rí wọn. Ẹ wo àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin ní jẹ́lé-ó-sinmi aládàáni ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn. Àwọn ló ń ṣí abọ́ oúnjẹ ọmọ, tí wọ́n ń fi ìrẹsì sí i lẹ́nu. Gààrí ni tiwọn, nígbà tí ọmọ bá lọlé tán. Bí owó bá sì há, ẹyin àti ẹja ló kọ́kọ́ ń kúrò nínú ọbẹ̀ wọn.

Òfin owó oṣù tó kéré jù lọ, èyí tó di ₦70,000 lọ́dún 2024, kò kan ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25. Jẹ́lé-ó-sinmi mélòó ló ní tó bẹ́ẹ̀? Ètò oúnjẹ ilé-ìwé tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2016 náà, torí ọmọ ni wọ́n ṣe é, kò sí àwo olùkọ́ níbẹ̀.

Àwọn kan á ní kí wọ́n dáko. Ọ̀pọ̀ ń dá a! Àmọ́ kí iṣu tuntun tó dé, àká ti gbẹ.

Kí àwọn aṣòfin l'Ábùjá tún àlàfo inú òfin owó oṣù yẹn wò. Kí àwọn onílé-ìwé sì máa se oúnjẹ ọ̀sán fún olùkọ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án tí iṣu pọ̀ lọ́jà.