Dátà Kò Dín, Síbẹ̀ Wọ́n Ń Gbọ́ Yín

"Wáìfáì wa ní páswọ́ọ̀dù, dátà wa kì í sì í dín láìnídìí. Ta ló fẹ́ máa gbọ́ wa?" Ohun tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Ìlá nìyí, òun náà ni wọ́n ń sọ nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà Ìwọ̀rọ̀kò. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá!

Ẹni tó ń yọ́ wáìfáì gbọ́ kì í jẹ dátà. Inú afẹ́fẹ́ ni ráútà ń sọ̀rọ̀ sí, ọ̀rọ̀ náà sì ń gba ara ògiri kọjá dé yàrá kejì àti ojú títì. Ẹni tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, tó kàn ń gbà á sílẹ̀, kò bá ráútà yín sọ nǹkan kan. Kí lẹ fẹ́ fi mọ̀?

Páswọ́ọ̀dù ńkọ́? Ẹ ka àwọn tó mọ tiyín: gbogbo ayálégbé tó jọ dáwó, àbúrò onílé, ọ̀rẹ́ tó wá wo bọ́ọ̀lù, ẹni tó ti kó lọ lọ́dún tó kọjá. Lórí WPA2, ìlànà ìdáàbòbò wáìfáì tó jáde ní 2004 tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ ráútà wa, ara páswọ́ọ̀dù yẹn ni kọ́kọ́rọ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ti ń jáde. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, tó sì gba ìkíni fóònù yín àti ráútà sílẹ̀ nígbà tí ẹ ń wọlé, lè tú ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́.

Lóòótọ́, kò ní í ka ọ̀rọ̀ WhatsApp yín tàbí ti áàpù báǹkì. Àwọn yẹn fúnra wọn ló ń di tiwọn, kì í ṣe wáìfáì. Ṣùgbọ́n ó lè rí orúkọ àwọn ojúlé tí ẹ ń lọ, àti gbogbo ohun tí ojúlé tí kò ní ìdáàbòbò HTTPS bá ń gbé.

Wáìfáì ló kó bá ilé-iṣẹ́ ìtajà TJX ní Amẹ́ríkà náà. WEP, ìdáàbòbò wáìfáì tó ṣáájú WPA2, ni wọ́n lò, èyí tí àwọn onímọ̀ Fluhrer, Mantin àti Shamir ti fi àbùkù rẹ̀ hàn ní 2001. Ní 2007 ni wọ́n kéde pé olè ti kó nọ́ńbà káàdì tó lé ní mílíọ̀nù 45.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Nàìjíríà ti 2015 lè fi ẹni tó ń yọ́ wáìfáì gbọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò rí kò ṣe é mú. Ẹ yí páswọ́ọ̀dù padà ní ọjọ́ tí ayálégbé bá kó jáde. Ẹ ya wáìfáì àlejò sọ́tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ráútà tuntun, ẹ bèèrè èyí tó ní WPA3. Páswọ́ọ̀dù nìkan kò tó láti fi tú ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lórí WPA3.