Sunshine Stars Já, Ẹnu Wa Ṣì Wà Ní Manchester

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Mo fẹ́ ká jọ wo irú ìbéèrè tí a máa ń bèèrè nígbà tí ikọ̀ tí a fẹ́ràn bá ń ṣubú, àti ẹni tí a máa ń bi.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí ojú Manchester United rí ní sáà 2024/2025. Wọ́n lé Erik ten Hag ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n mú Ruben Amorim wá láti ilẹ̀ Pọ́túgà ní oṣù kọkànlá. Síbẹ̀, ipò 15 ni wọ́n parí sí nínú ikọ̀ 20. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún ọdún 2025, Tottenham fi góòlù kan ṣoṣo gba ife Europa League mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Bilbao. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, díẹ̀ ló kù kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní kíláàsì wa. Àwọn kan ní kí wọ́n lé Amorim lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní kí wọ́n fún un lọ́dún kan sí i. Àwọn kan ní Onana tó ń ṣọ́lé ló kó bá wọn, àwọn míì ní bí wọ́n ṣe jẹ́ kí Rashford lọ sí Aston Villa ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹni tí kò lè sọ orúkọ kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wa ń ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù, ó ń ka nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì wọn mọ́ ọn, kò sì ṣì í.

Ní ìparí sáà yẹn kan náà, Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, ikọ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, já kúrò nínú NPFL, líìgì tó ga jù nílẹ̀ Nàìjíríà. Ikọ̀ 4 ló jọ já: Sunshine Stars, Akwa United, Heartland àti Lobi Stars. Èmi ò gbọ́ ariwo kankan ní kíláàsì. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lé kóòṣì, kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó ń ṣọ́lé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tilẹ̀ mọ̀ títí a fi wọ kíláàsì tuntun.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Man U lèmi náà, Man U ni bàbá mi, a jọ ń jìyà ẹ̀ nílé ni. N ò ní kí ẹnikẹ́ni ju jẹ́sì rẹ̀ sódò. Ohun tí mò ń sọ ni pé làákàyè tí a fi ń tú ọ̀rọ̀ Manchester wò, ó yẹ ká fi tú ti Sunshine Stars náà wò, torí pé ibẹ̀ ni ìbéèrè wa ti lè rí ẹni dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Bí a bá pariwo nílé ìwòran bọ́ọ̀lù títí epo fi tán nínú jẹnẹrétọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ wa ní Manchester. Kóòṣì wọn ò mọ ibi tí Abereke wà. Àmọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni Sunshine Stars, Ondo State Football Agency ni wọ́n sì fi ń bójú tó o. Àpò ìpínlẹ̀ ni owó ẹ̀ ti ń jáde. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé epo tí wọ́n ń wà nínú omi Ìlàjẹ wà lára ohun tó ń mú owó wọ àpò yẹn. Gómìnà tó wà níbẹ̀ báyìí, Lucky Aiyedatiwa, ọmọ Obe-Nla ni, ní Ìlàjẹ níbí. Tí a bá ń wá ikọ̀ tí ilẹ̀kùn ẹni tó ni ín ò jìnnà sí wa, òun nìyí.

Mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n sì ti fún mi lésì. Ẹ jẹ́ kí n mú èsì wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan ní Àkúrẹ́ jìnnà. Lóòótọ́, a ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi dé Ìgbòkòdá ká tó wọ mọ́tò. Ṣùgbọ́n Manchester ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ la fi ń rìn débẹ̀ ni?

Àwọn kan ní ikọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan kan ni, pé kí la fẹ́ sọ nípa wọn. Ó jọ pé àwọn wọ̀nyí ò bi àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Ní ọdún 2011, Sunshine Stars dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá nínú Confederation Cup ilẹ̀ Áfíríkà, kí Club Africain ti Tùnísíà tó dá wọn dúró. Ní 2012, wọ́n tún dé irú ìpele yẹn nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Al Ahly ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá ti ilé, ó parí sí 3-3. Ní Íjíbítì, góòlù kan péré ni Al Ahly fi lé wọn jáde, Al Ahly yẹn náà ló sì gba ife lọ́dún náà. Nígbà tí Super Eagles gba ife Áfíríkà ní Gúúsù Áfíríkà ní 2013, Godfrey Oboabona tó wà lẹ́yìn níbẹ̀, Sunshine Stars ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún lásìkò yẹn. Kì í ṣe àlọ́ ìjàpá o. A ti bí àwọn míì nínú wa nígbà náà.

Àwọn kan, àwọn tó gbọ́n jù, ní ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kò kàn wá. Èyí ló dùn mí jù. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi owó ìpínlẹ̀ wa ṣe ò bá kàn wá, tí ọ̀rọ̀ tí àwọn ọlọ́rọ̀ fi owó ara wọn ṣe lókè òkun wá kàn wá, ó yẹ ká tún orí wa rò. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ó dáa, ká ní a ti gbà láti jiyàn lórí Sunshine Stars. Kí la fẹ́ sọ? Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ sọ: "Ẹ lé kóòṣì!" Òun náà la máa ń sọ nípa Man U. Ẹ jẹ́ ká wá kà á. Láti ìgbà tí Ferguson ti fẹ̀yìn tì ní 2013 títí di ìparí sáà 2024/2025, wọ́n gba Moyes, Van Gaal, Mourinho, Solskjaer, Ten Hag, àti Amorim. Mẹ́fà nìyẹn, n ò ka àwọn tó kàn bá wọn di àyè mú. Ibo ló gbé wọn dé? Ipò 15. Àwa tí a jẹ́ ọmọ apẹja mọ̀ ọ́n: bí àwọ̀n bá ti ya, wàá pààrọ̀ atukọ̀ títí, ẹja á máa bá ojú ihò lọ ni.

Ẹ wá wo Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tí kò jìnnà sí wa. Ní 2017, àwọn náà já kúrò nínú NPFL. Wọ́n padà wá. Ní sáà 2022/2023, ipò kejì ni wọ́n ṣe, lábẹ́ Daniel Ogunmodede. Ní 2023/2024, ipò kejì náà ni. Ká ní àwa la ni ikọ̀ yẹn ni, a ò bá ti lé ọkùnrin náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò lé e. Ní 2024/2025, sáà tí Sunshine Stars já gan-an, Remo Stars gba líìgì, ìgbà àkọ́kọ́ wọn sì nìyẹn.

Ẹnì kan máa wá ní, "Ìyẹn ni pé kí ìjọba ta Sunshine Stars, torí Kunle Soname ló ni Remo Stars, kì í ṣe ìjọba." Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀, torí ikọ̀ ìpínlẹ̀ ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó já yẹn. Ṣùgbọ́n Rangers ti Enúgu tó gba líìgì ní 2024, ikọ̀ ìjọba ni. Rivers United tó ṣe ipò kejì ní 2025, ikọ̀ ìjọba ni. Akwa United tó já yìí gan-an, òun ló gba líìgì ní 2021. Nítorí náà, ìjọba lè ní ikọ̀ kó dáa, ó sì lè ní in kó bàjẹ́ láàárín ọdún mẹ́rin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Lójú tèmi, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni bóyá ẹnì kan wà tó ń bèèrè ìbéèrè, àti bóyá àwọn tó ń ṣàkóso mọ̀ pé àwọn máa dáhùn. Níbi tí pápá ìṣeré bá ṣófo, tí àwọn ará ìlú ò mọ ọjọ́ tí ikọ̀ wọn ń gbá, ta ni alákòóso fẹ́ bẹ̀rù?

Bóyá ẹ ń sọ pé bọ́ọ̀lù lásán ni, pé kí ló máa ń gbóná lórí mi tó báyìí. Ọmọ kan wà ní SS1 tí n ò ní dárúkọ ẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá ti rí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ibi tí ilẹ̀ bá ti gbẹ díẹ̀ níbí la ti ń gbá bọ́ọ̀lù, bí omi bá kún, ìdíje parí nìyẹn, síbẹ̀ ọmọ yẹn máa ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá láàárín èèyàn mẹ́ta bí ẹni ń gba abẹ́ afárá kọjá. Lọ́jọ́ tí kò sí ilé ìwé, ó ń bá bàbá ẹ̀ lọ sókun. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní éjẹ́ǹtì wá bá bàbá náà pé kó mú owó wá, òun á mú ọmọ náà lọ sí Yúróòpù. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, ìyá ọmọ náà ló kọ̀ jálẹ̀. Ẹ bi ara yín: bí irú ọmọ yìí bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀nà wo ló tọ́ kó gbà? Ó yẹ kó jẹ́ láti Abereke dé Àkúrẹ́, láti Àkúrẹ́ dé ibi tó bá wu Ọlọ́run. Bí ilé tó wà ní Àkúrẹ́ bá wó, àwọn éjẹ́ǹtì olówó-ṣíwájú ló kù. Ohun tí jíjá Sunshine Stars túmọ̀ sí fún mi nìyẹn. Ó jù pé wọ́n pàdánù àmì ayò lọ.

Torí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ oníròyìn wa máa lẹ tábìlì Nigeria National League, ìpele tí Sunshine Stars já sí, mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì Premier League tí a máa ń lẹ̀ síbí. Bébà kan ṣoṣo ni. Ohun tí ojú ò bá rí, ẹnu ò lè jiyàn lé e lórí.

Èkejì, kí a kọ lẹ́tà sí Ondo State Football Agency, kí ọ̀gá eré ìdárayá wa àti olùkọ́ Yorùbá bá wa yẹ̀ ẹ́ wò kó má bàa dà bí ìwọ̀sí. Ìbéèrè mẹ́rin péré ni mo fẹ́ kó wà nínú ẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù, ta ló sì ń yàn wọ́n, ṣé kóòṣì ni àbí ọ́fíìsì? Ṣé owó oṣù wọn ń wọlé lásìkò? Ọdún mélòó lẹ fẹ́ fún kóòṣì kẹ́ ẹ tó dá a lẹ́jọ́? Ṣé ẹ máa ń wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá dé etí òkun, àbí ibi tí ọ̀dà bá parí sí lẹ ti ń padà?

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò wá níran. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn kan nínú yín wo Sunshine Stars nígbà tí wọ́n bá Al Ahly wọ̀yá ìjà. Ẹ sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì. Èmi mọ góòlù Solskjaer ti 1999 bí ẹni pé mo wà níbẹ̀, wọn ò sì tíì bí mi. Àwọn tó ń sọ ọ́ ni kò jẹ́ kó kú.

Bí a bá kọ lẹ́tà yìí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má dá wa lóhùn. Kò burú, a tún máa kọ òmíràn ní sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Ìwé ìfọwọ́sí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ oníròyìn, ẹni tó bá gbà pẹ̀lú mi kó lọ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tí kò bá gbà, kóun náà kọ tiẹ̀ wá. Àyè ṣì wà lára ògiri.