Ẹ̀rọ Tí Yóò Sọ Ẹni Tí A Ó Kọ́kọ́ Tọ́jú

Ní ilé ìwòsàn tí èrò pọ̀ sí, iṣẹ́ kan wà tí ó ṣáájú oògùn àti abẹ́rẹ́: kí a mọ ẹni tí kò lè dúró nínú gbogbo àwọn tí ó jókòó. Ẹni tí ó ń kígbe kọ́ ni ikú sábà máa ń sún mọ́ jù. Ọmọ tí ó dákẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni kí a tètè wò.

Nísisìyí àwọn onímọ̀ ti ṣe ẹ̀rọ àmúlọ́wọ́ tí ń ran nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. A ó ki ohun kékeré kan bọ ìka aláìsàn. Ẹ̀rọ náà yóò ka bí ọkàn rẹ̀ ti ń lù àti bí ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yóò dáhùn ìbéèrè díẹ̀, ẹ̀rọ yóò sì sọ ẹni tí ó yẹ ní kíákíá àti ẹni tí ó lè dúró. A ti gbé irú rẹ̀ yẹ̀ wò fún àwọn ọmọdé ní Uganda àti Kenya. Àwa kò kórìíra rẹ̀ rárá. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, awọ ta ni a fi dán èyí tí wọn yóò tà fún wa wò?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2020 àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi ohun tí ẹ̀rọ ìka yìí sọ wé ohun tí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ. Nínú 100 ìgbà tí ẹ̀rọ náà ka 92 sí 96 fún aláwọ̀ dúdú, èyí tí ó dà bí ẹni pé ewu kò sí, nǹkan bí 12 ni ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kò tó 88. Ti aláwọ̀ funfun kò ju bí 4 lọ. Ìmọ́lẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tàn gba inú ìka kọjá, dúdú ara a sì máa gba díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra. Bí èyí bá jẹ́ ojú tí ẹ̀rọ ìpinnu fi ń ríran, ẹni tí èémí rẹ̀ ń tán lọ ni yóò ní kí ó dúró. Ẹ̀yin olùkọ́ kì í fi máàkì kíláàsì kan gbé kíláàsì mìíràn ga.

Ẹ wo Blantyre ní Malawi pẹ̀lú. Ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2006 sọ pé wọ́n tún ibi ìgbàwọlé àwọn ọmọdé tò ní ilé ìwòsàn Queen Elizabeth, wọ́n sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti ya àwọn tí àìsàn wọn le sọ́tọ̀ bí wọ́n bá ti ń dé. Àwọn ọmọ tí ń kú nínú 100 tí a dá dúró sí wọ́ọ̀dù, tí wọ́n jẹ́ 10 sí 18 tẹ́lẹ̀, wá di 6 sí 8. Ojú ènìyàn àti ètò ni wọ́n fi ṣe é.

Àwọn ará ẹgbẹ́ wa yóò fẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ nígbàkúùgbà tí ìjọba bá ń pín ẹ̀rọ. A ó pàtẹ́wọ́ bí ó bá yẹ. Ṣùgbọ́n Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti ka á léèwọ̀ pé kí ilé ìwòsàn kọ aláìsàn pàjáwìrì, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ N100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6. Síbẹ̀ owó àsansílẹ̀ ni a ṣì ń kọ́kọ́ bèèrè ní ọ̀pọ̀ ẹnu ọ̀nà. Kí ni ẹ̀rọ tí ó wí pé "kíákíá" yóò ṣe fún ẹni tí akọ̀wé dá dúró?

Nítorí náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kankan tó fi owó ìlú rà á, kí wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn tiwa, lára àwọn ènìyàn wa, kí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde: iye ìgbà tí ẹ̀rọ àti nọ́ọ̀sì àgbà kò fi ohùn ṣọ̀kan, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ẹ̀rọ ní kí wọ́n dúró.