Fídíò Tó Kọ́ Àwọn Onírẹsì Níṣẹ́

Ká sọ pé ìyá kan tó ní ibùdó gàrí ní àdúgbò Adégbayì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Kò ráyè kọ́ wọn níṣẹ́, ló bá fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp wọn: "Ẹ wò ó dáadáa, iṣẹ́ wà lọ́la o." Fídíò náà gùn tó ogójì ìṣẹ́jú, òyìnbó ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò sì jọ tiwọn. Bí gàrí bá jóná lọ́jọ́ kejì, ta la fẹ́ bá wí?

Ẹ̀bi fídíò kọ́, nítorí fídíò tí wọ́n ṣe dáadáa lè kọ́ni níṣẹ́. Ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Benin, àjọ ìwádìí ìrẹsì AfricaRice bá àwọn obìnrin tó ń bọ ìrẹsì ṣe fídíò nípa iṣẹ́ wọn. Ìkòkò tó nihò nídìí ni wọ́n ń kó ìrẹsì eléèpo sí, wọ́n á gbé e ka orí omi tó ń hó, kó lè jẹ́ pé ooru ni yóò sè é. Àwọn obìnrin yìí fúnra wọn ló ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń ṣàlàyé.

Lọ́dún 2009, àwọn olùṣèwádìí tó fi fídíò náà wé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ojúkojú gbé èsì wọn jáde. Fídíò dé ọ̀dọ̀ obìnrin 74 nínú 100. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò kọjá 27. Nínú àwọn tó wo fídíò, ó lé ní 95 nínú 100 tó ń sá ìrẹsì sórí tapólì, tí wọ́n sì ń bọ́ bàtà kí wọ́n tó lọ rò ó. Nínú àwọn tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láìwo fídíò, nǹkan bí ìdajì ni. Ìdí kan tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò fi dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ni pé owó tí wọ́n ń fún àwọn tó bá wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń dá ojúsàájú sílẹ̀. Àwọn kan náà ni wọ́n ń yàn ṣáá.

Ìyá oníbùdó wa kò nílò kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó. Kó wá ẹni tó mọ gàrí yan jù níbẹ̀, kó ya iṣẹ́ kan sínú fídíò kan, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin, ní Yorùbá tí wọ́n ń sọ nílé. Kó fi ìdí ọ̀rọ̀ hàn: omi gbágùúdá gbọ́dọ̀ ro dáadáa lábẹ́ jáàkì nítorí oró wà nínú rẹ̀. Kó fi hàn pé wọ́n ń pa ẹ̀rọ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohun tó há sí i. Bó bá fẹ́ àpẹẹrẹ, àjọ Access Agriculture, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, ní fídíò ọ̀fẹ́ lóríṣiríṣi èdè, Yorùbá wà lára wọn.

Kí wọ́n jọ wò ó, kó dá a dúró láàárín, kó bi wọ́n léèrè, kí kálukú sì ṣe é lójú rẹ̀. Fóònù kò lè gbé òórùn gàrí tó ti fẹ́ jóná jáde. Nítorí òórùn yẹn ló ṣe yẹ kí ìyá náà dúró ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nídìí agbada, títí wọn yóò fi dá a mọ̀.