Ọ̀DÀ KỌ́ NI KATAKATA

Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á nà án wò, á fọwọ́ pa á bóyá yóò ṣí. Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀gúsí á ju díẹ̀ sẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù bá dáwó katakata jọ n'Ígbó-Ọrà tàbí l'Érúwà, ọ̀dà ara rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ máa ń wò. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wo bó ṣe ń dán!" Bẹ́ẹ̀ ni owó àjọ ṣe ń bá ọ̀dà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ọkùnrin nìkan. Jane Guyer, oníwàádìí tó gbé ní Ìdèrè ní 1968, tó tún padà síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, gbé ìwé jáde ní 1997 lórí bí oko Ìbàràpá ṣe ń bọ́ Ìbàdàn. Katakata tí àgbẹ̀ ń háyà wà lára ohun tó mú oko náà fẹ̀. Bó bá kú sóko, ìyá onígàárì náà ni yóò wá ẹ̀gẹ́ tì.

Nǹkan mẹ́ta ló yẹ kí ẹgbẹ́ wò. Àkọ́kọ́ ni agbára. Kí wọ́n mú mẹkáníìkì tiwọn dání, kí ẹ́ńjìnnì sì tutù kí wọ́n tó sítáàtì ẹ̀ níṣojú wọn. Bí ẹni tó ń tà á bá ti mú un gbóná sílẹ̀, kí wọ́n fura. Ọ́ìlì tó funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ sókè, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì: bó bá já wálẹ̀ kíá, àìsàn ń bẹ níbẹ̀. Kí wọ́n sì bèèrè ibi tí páàtì rẹ̀ wà kí wọ́n tó sanwó.

Èkejì ni ìrọ̀rùn awakọ̀. Àwọn kan á ní ìgbádùn ni. Irọ́ ni! Àga tó ti já ń ba eegun ẹ̀yìn jẹ́, ẹni tó sì ti rẹ̀ kì í tètè rí kùkùté.

Ẹ̀kẹta ló ju gbogbo rẹ̀ lọ: ẹ̀mí. Katakata máa ń dojú dé. Láti 1959 ni orílẹ̀-èdè Sweden ti fi òfin dè é pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irin tó ń dáàbò bo awakọ̀ bó bá dojú dé, ikú sì dínkù gan-an. Irin yẹn àti bẹ́líìtì ìjókòó, tọkọtaya ni wọ́n. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ má fi páìpù omi ṣe é o! Yóò ká mọ́ awakọ̀ lórí ni.

Bí wọ́n bá fẹ́ fa kùkùté, irin ìfà tó wà nísàlẹ̀ ni kí wọ́n so ṣéènì mọ́. Bí wọ́n bá so ó sókè, imú katakata á gbéra, á sì yí dà sórí awakọ̀. Irin yíyí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń wa ẹ̀rọ tó ń yín àgbàdo gbọ́dọ̀ ní ìbòrí: ìgbà 540 ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá gbá etí ìró mú, kí èèyàn tó ké "yéè", ó ti parí. Àga kan ló wà lórí ẹ̀. Kí ọmọ má jókòó sórí mọ́gáàdì.

Bí owó ò bá tó, kí ẹgbẹ́ ra kékeré tó ní irin ààbò, kí wọ́n fi ńlá tí kò ní sílẹ̀. Katakata tó bàjẹ́, mẹkáníìkì á tún un ṣe. Ọmọ ọlọ́mọ tó kú lábẹ́ rẹ̀ ńkọ́?